Ta Ni Ó Ni Ègbè? Àyẹ̀wò Eré Oníṣe Àwọn Ọmọdé láti Ìdí Àlọ́ dé Orí Ìtàgé

Bí àwọn onímọ̀ bá ń kọ ìtàn eré oníṣe ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sáábà máa ń tọ̀. Wọn a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn eégún alárìnjó tí Clapperton wòran wọn ní Ọ̀yọ́ Ilé ní ọdún 1826, wọn a fò dé ọ̀dọ̀ Hubert Ògúńdé ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ní ọdún 1944, wọn a kan sáárá sí Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládiípọ̀, wọn a sì gúnlẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ti Ìbàdàn. Ọ̀nà náà dára, n kò sì bá ẹni tí ń tọ̀ ọ́ jà. Ṣùgbọ́n ó yani lẹ́nu pé nínú ìrìn gígùn yìí a kì í pàdé ọmọdé, àfi bí ó bá wà láàrin èrò ìwòran, tàbí bí ó bá jẹ́ ọmọ ọ̀jẹ̀ tí baba rẹ̀ ń kọ́ ní òkìtì títa. Bẹ́ẹ̀ ni eré oníṣe kan wà tí agbára káká ni a fi lè rí agbo ilé tí kò ní i rí, tí kì í gba owó ìwọlé, tí kì í sì í bèèrè ìtàgé. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ni ín. Eré yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, àti ohun tí àwa àgbà ti fi ọwọ́ ara wa ṣe sí i láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún wá.

Àlọ́ ni mo ń wí. Ẹni tí ó bá ka àlọ́ sí ìtàn lásán kò tíì jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí iṣẹ́ oòjọ́ sì ti tán, àlọ́ àpamọ̀ ni a kọ́kọ́ máa ń fi ta àwọn ọmọ jí. Ọmọ ọdún méje lè bi ọmọ ọdún méjìlá léèrè, bí ẹ̀gbọ́n kò bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ̀tẹ́ rẹ̀ ni, kò sí ẹni tí yóò bá a bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àlọ́ onítàn yóò tó wọlé. Apàlọ́ a ké, agbo a dáhùn. Bí agbo kò bá dáhùn, kò sí àlọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí gbólóhùn yìí, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi rọ̀ mọ́. Apàlọ́ kan ṣoṣo a di Ìjàpá, a di Yánníbo, a di ọba, a di ìyá arúgbó tí ó jókòó sí ìkóríta, a máa yí ohùn padà bí ó ti ń yí ojú padà; ṣùgbọ́n nígbà tí orin bá dé, ọwọ́ agbo ni eré bọ́ sí. Ègbè tí àwọn ọmọ ń gbè kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlọ́, orin ni ó ń ṣí ìlẹ̀kùn inú àpáta, orin ni ó ń mú kí okùn sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run nígbà ìyàn, orin ni ó ń tú àṣírí olè níwájú ọba. Bí àwọn ọmọdé bá dákẹ́, ìlẹ̀kùn kò ní ṣí, ìtàn a sì dúró sí ojú kan. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ tí kò tíì mọ bí a ti í sán okùn bàǹtẹ́ ti mọ̀ pé ohun kan wà nínú eré tí àgbà kò lè dá ṣe lẹ́yìn òun.

A lè fi eré òṣùpá kún un. Nínú ẹkùn mẹ́ran, ẹnì kan di ẹkùn, àwọn yòókù di agbo ẹran àti ọgbà tí ó yí ẹran ká. Nínú bojúbojú, ẹni tí a bo ojú rẹ̀ ni olórí ẹ̀dá ìtàn. Kò sí olùkọ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù mọ ipò rẹ̀, ó sì mọ ìgbà tí ipò náà yóò bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá tẹ Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá jáde ní ọdún 1973, iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe fún wa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlọ́ náà ni ìbá ti bá àwọn arúgbó wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé a máa gba ọ̀rọ̀ là kí ó tó fi ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí ó ń ka àlọ́ nínú ìwé yóò ka orin náà bí ó ti ń ka ìtàn. Ojú rẹ̀ yóò fo ègbè tí a tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, yóò sì máa wá ibi tí ìtàn ti tẹ̀ síwájú. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi Babalọlá. Ẹ̀bi wa ni, àwa tí a fi ìwé náà sí ọwọ́ ọmọ tí a sì rò pé a ti pa àlọ́ fún un.

Ilé ẹ̀kọ́ ni ó kọ́kọ́ gbé eré kúrò ní ọwọ́ àwọn ọmọ, n kò sì sọ ọ́ láti fi bú ilé ẹ̀kọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ sì fò sókè láàrin ọdún kan títí ó fi lé ní 800,000. Títí dé àwọn ìlú apá Ọ̀wọ̀ àti Àkókó ni oore yìí dé. Ọmọ tí ó ti máa ń sùn ti àlọ́ ní alẹ́ wá ń jí lọ kọ́ ìwé ní òwúrọ̀, ó sì tọ́ kí ilé ẹ̀kọ́ ní eré tirẹ̀. Ó ní i lóòótọ́: eré ìparí ọdún, eré Kérésìmesì, eré tí a ń ṣe ní ọjọ́ tí àlejò bá wá. Olùkọ́ ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun ni ó ń pín ipò, òun ni ó ń dúró lẹ́yìn aṣọ tí ó ń ránni létí. Àwọn ọmọ há a sórí. Àwọn òbí jókòó sórí àga wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ta ni ó ń gbe orin? Àwọn ọmọ tí ó wà lórí ìtàgé nìkan ni, nítorí a ti kọ́ àwọn tí ó jókòó pé kí wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́, pé ìwà ọ̀làjú ni.

Àwọn ìwé eré tí ó jáde ní àkókò yìí kò burú rárá. Agbàlọ́wọ́mẹ́ẹ̀rí Baálẹ̀ Jòntolo tí J. F. Ọdúnjọ kọ ní ọdún 1958 ṣì wà lára èyí tí ó dùn jù lọ lẹ́nu ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Orúkọ baálẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ti tó eré ṣe. Ọmọ tí ó bá pè é lẹ́ẹ̀kan yóò fẹ́ pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ọdúnjọ mọ etí ọmọdé, nítorí ẹni tí ó ti ń kọ Aláwìíyé láti ọdún 1943 kò ní í ṣàì mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, bí a bá gbé eré náà sí ẹ̀gbẹ́ àlọ́ Ìjàpá, a ó rí i pé ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Ìjàpá a máa hùwà ìkà, a máa jalè, a máa purọ́, àwọn ọmọ a sì máa bá a kọrin nígbà tí ó ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò bá àwọn ará ìlú rẹ́rìn-ín rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni agbo ń wà. Nínú eré ilé ẹ̀kọ́, òdìkejì òǹrorò ni a ti gbé ọmọ sí kí aṣọ ìtàgé tó ṣí, a kò sì fún un ní àyè láti gbádùn ìwà ọ̀bàyéjẹ́ kí ó tó kórìíra rẹ̀. Mo gbà pé àlọ́ jinlẹ̀ ju ìwé lọ níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òpìtàn eré wa kì í tẹnu mọ́ tó: olùkọ́ ni Ògúńdé, olùkọ́ ni Ògúnmọ́lá, olùkọ́ ni Dúró Ládiípọ̀. Ògúńdé ti ṣe olùkọ́, ó sì ti tẹ dùùrù ní ilé ìjọsìn kí ó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí ó sì wà ní ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó ti bá àwọn eégún alárìnjó káàkiri. Ohun tí eléyìí fi hàn ni pé yàrá ìkàwé ni iṣẹ́ ìtàgé tí ó ń gba owó ti gba olùkọ́ lọ. Bí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ti ń jáde kúrò nídìí pátákó ìkọ̀wé, wọ́n mú ègbè dání, wọ́n sì fi lé àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gbè é lọ́wọ́. Ní ti Ògúńdé, àwọn ìyàwó rẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ọgbọ́n tí ó bójú mu gan-an fún ẹni tí kò fẹ́ kí òṣèré rẹ̀ sá lọ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Ògúnmọ́lá, nítorí òun ni ó súnmọ́ àlọ́ jù nínú wọn. Ọmọ Òkè-Mẹ̀sí ni, a bí i ní ọdún 1925, ó sì kú ní ọdún 1973. Ní ọdún 1963, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ eré oníṣe ti Ìbàdàn, ó sọ ìwé Amos Tutuola, èyí tí ó jáde ní ọdún 1952, di eré olórin ní èdè Yorùbá: Láńkẹ́ Ọ̀mùtí. Kò sí iyèméjì pé ìtàn àlọ́ ni: ọkùnrin kan ń wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú, ó sì ń bá oríṣiríṣi ẹbọra pàdé. Ògúnmọ́lá mọ bí a ti í fi ìka ọwọ́ kan ṣoṣo pa èrò lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ṣe ohun kan tí n kò lè yìn: ó sọ gbogbo ìrìn-àjò náà di àlá tí ọ̀mùtí lá. Bí Láńkẹ́ bá jí, ìlú òkú ti pòórá, gbogbo wa sì ti padà sínú ayé tí ó mọ́gbọ́n dání. Apàlọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ làákàyè. Ó mú wa lọ, ó mú wa bọ̀, ó sì jẹ́ kí igbá èèmọ̀ wà ní ibi tí ó wà. Àgbàlagbà tí ó sanwó ìwọlé ni ó nílò àlá, nítorí ojú a máa tì í láti gba iwin gbọ́ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọdé kò nílò rẹ̀. Níbi tí a ti fi àlá kún un ni mo ti mọ̀ pé eré náà ti kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ, bí wọ́n tilẹ̀ kún gbọ̀ngàn.

Ẹjọ́ Dúró Ládiípọ̀ yàtọ̀. Ní àkókò Àjíǹde ọdún 1961 ó gbé orin kan kalẹ̀ ní ilé ìjọsìn ní Òṣogbo, ó fi ìlù Yorùbá sí i, àwọn àgbà ìjọ sì bínú. Láti inú ìbínú yìí ni Mbárí Mbáyọ̀ ti jáde ní ọdún 1962, tí Ọba Kò So sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1963. Gbogbo wa ni a jèrè rẹ̀. Mo mẹ́nu kàn án nítorí pé ó fi hàn kedere ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ègbè ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ilé ìjọsìn nígbà náà: a gbà kí ọmọdé kọrin, ṣùgbọ́n a kò gbà kí ohun tí ó gbọ́ ní ìdí àlọ́ tẹ̀ lé e wọlé.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú ìbéèrè yìí dé bá. Ní ọdún 1903, obìnrin kan tí ń jẹ́ Alice Minnie Herts dá ibi eré oníṣe sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní ìlú New York, ní àdúgbò tí àwọn Júù tí ó ṣí wá láti Rọ́ṣíà àti àyíká rẹ̀ pọ̀ sí. Eré Shakespeare kan, The Tempest, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ń sọ èdè Yiddish pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná wá ń há ọ̀rọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì sórí, a sì fi èyí sọ ọ́ di ọmọ Amẹ́ríkà. Títí di ọdún 1909 ni ibi eré náà fi ṣiṣẹ́. N kò lè sọ pé ohun tí wọ́n ṣe kò wúlò fún àwọn ọmọ náà. Àwọn òbí wọn ti fi ilé sílẹ̀, wọn kò sì ní í padà. Ṣùgbọ́n àwa kò ṣí lọ sí ibì kankan. Orí ilẹ̀ baba wa ni a wà, tí a sì ń bá àwọn ọmọ wa lò bí ẹni pé inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo apá ibòmíràn. Ní Gánà, Efua Sutherland, ẹni tí ó ṣí Ghana Drama Studio ní Accra ní ọdún 1961, lọ sí abúlé kan ní etíkun, Ekumfi Atwia, níbi tí àwọn ará ìlú ti gbóná nínú ìtàn pípa. Òun àti àwọn ará abúlé náà, pẹ̀lú ìyálóde wọn, kọ́ ilé kan tí wọ́n sọ ní Kodzidan, èyí ni Ilé Ìtàn. Abúlé ni ó ni ín. Tọmọdé tàgbà ni ó ń ṣeré níbẹ̀, ní èdè Fante tí wọ́n fi ń dá ara wọn lóhùn ní oko. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni àṣà tí wọ́n ń pè ní mboguo: bí ẹnì kan bá ń pa ìtàn lọ, ẹnikẹ́ni nínú agbo lè dá a dúró, kí ó dá orin tí ó bá ibi tí ìtàn dé mu, kí gbogbo agbo sì gbè é, lẹ́yìn náà kí apàlọ́ tó máa bá tirẹ̀ lọ. Sutherland kò sọ àṣà yìí nù nígbà tí ó di òǹkọ̀wé. Ó kọ́ eré rẹ̀, The Marriage of Anansewa, tí ó jáde ní ọdún 1975, lé e lórí. Àwọn eré kékeré tí ó kọ fún ọmọdé, Vulture! Vulture! àti Tahinta, ti jáde ṣáájú ní ọdún 1968, ìlù àti ìdáhùn ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ fi èyí wé eré ìparí ọdún wa, níbi tí ọmọ tí ó bá dá orin láti orí ìjókòó yóò gba ẹgba.

Tẹlifíṣọ̀n kò tún un ṣe. A ṣí ti Ìbàdàn ní ọdún 1959, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn ẹgbẹ́ eré Yorùbá sì rí àyè níbẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1984, tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ Tales by Moonlight. Kò sí ọmọ ìgbà náà tí kò mọ̀ ọ́n. Àǹtí kan jókòó, àwọn ọmọ yí i ká, ó ń pa ìtàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣèré sì ń fi ìtàn náà hàn. Èmi kò ní í dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń fi í ṣẹ̀sín, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá ni kò bá má gbọ́ orúkọ Ìjàpá láé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ipò tí a fi ọmọdé sí. Àwọn tí ó wà nínú àpótí náà jókòó bí òdòdó inú ìkòkò. Àwọn tí ó wà ní ilé lè gbe orin títí ohùn wọn yóò fi há, apàlọ́ kò ní í gbọ́. Ìlẹ̀kùn àpáta a sì máa ṣí síbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí nínú ìtàn àlọ́ tí ìlẹ̀kùn ń ṣí láìsí ègbè, bí ẹnikẹ́ni bá sì ń wá ọjọ́ tí eré bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ pátápátá, ibẹ̀ ni kí ó wò.

Wàyí o, mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ìlú kan pàtó, nítorí pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa èdè Yorùbá nìkan a ó rò pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ìdóàní wà ní agbègbè Ọ̀sẹ́, kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀. Ìlú alápapọ̀ àdúgbò ni. Nínú àwọn àdúgbò rẹ̀ ni Ìyayu wà, èdè tí wọ́n sì ń sọ níbẹ̀ ń jẹ́ Ìyayu pẹ̀lú, èdè tí ó bá àwọn èdè ilẹ̀ Ẹ̀dó tan, kì í ṣe ẹ̀ka Yorùbá. Yorùbá tí a ń sọ ní agbègbè náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti ìwé. Ilé ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba àpapọ̀ kan tún wà ní Ìdóàní, irú èyí tí a dá sílẹ̀ kí àwọn ọmọ láti ìpínlẹ̀ gbogbo lè jọ kàwé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó so irú wọn pọ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ dá eré oníṣe àwọn ọmọdé sílẹ̀ nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, èdè wo ni yóò lò?

Ìdáhùn tí ó yá àwọn olùkọ́ lẹ́nu ni pé kí a lo Yorùbá àjùmọ̀lò, kí ó má bàa sí ìjà. Ẹlòmíràn yóò ní kí a kúkú lo Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba pàápàá kò dúró lójú kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láàrin ọdún 1970 sí 1978, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni a kéde pé a ti wọ́gi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò. Nítorí náà ilé ẹ̀kọ́ kò ní í ràn wá lọ́wọ́ nísinsìnyí. Ìdí àlọ́ ni ó kù.

Àlọ́ sì ti ní ìdáhùn tirẹ̀ sí ìbéèrè Ìdóàní, bí a bá tẹ́tí sí i. Gbogbo ẹni tí ó ti gbọ́ àlọ́ mọ̀ pé orin inú rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ń fi sọ ìtàn. Apàlọ́ Ìbàdàn lè máa fi ohùn Ìbàdàn pa ìtàn lọ, kí orin rẹ̀ sì jẹ́ ti Èkìtì tàbí ti ibi tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ ti sọnù, àwọn ọmọ a sì máa gbè é láìṣì kan. Etí ọmọdé kì í bèèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ orin. Ìtàn lè wà ní èdè tí gbogbo agbo gbọ́, kí ègbè kọ̀ọ̀kan sì wà ní èdè àdúgbò tí ó mú un wá: Ìyayu ní ibi tí ọmọ Ìyayu bá ti ní orin, ohùn Ìdóàní ní ibi tí ó bá tọ́ sí i, títí kan orin tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ bá mú bọ̀ láti ẹ̀yìn odò Ọya. Kò sí ẹni tí yóò há ohunkóhun sórí nítorí àlejò. Ọmọ tí kò gbọ́ Ìyayu yóò ti gbe Ìyayu kí ó tó mọ̀ pé èdè ẹlòmíràn ni.

Àwọn kan yóò sọ pé irú eré bẹ́ẹ̀ kò ní í lè dé orí ìtàgé Ìbàdàn tàbí ti Èkó, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Òótọ́ ni. N kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó dé ibẹ̀. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ju èyí lọ ni àkókò: èdè Ìyayu jẹ́ ti àdúgbò kan nínú ìlú kan, àwọn tí ó mọ orin àlọ́ rẹ̀ ti di àgbà, alẹ́ tí àwọn ọmọ ìbá fi jókòó tì wọ́n sì ni alẹ́ tí wọ́n ń lo nídìí fóònù. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ gba àwọn orin náà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè lọ, kí ó sì mú àwọn ọmọ àdúgbò dání, nítorí bí ó bá dá lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nìkan, lílé orin nìkan ni yóò gbà bọ̀.